Ọjọ́ Tí Púráímárì Fáìfù Wá Ṣa Kòkó Nílé Wa

Ẹ jẹ́ kí n wá ibi tí ẹ̀yìn mi máa fara tì ná. Àga ike yín yìí dára lójú, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú arúgbó. Ó dáa, mo ti jókòó. Tọ́pẹ́, ìwọ ọmọ ọmọ mi, mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí o kà sí mi létí láti inú kọ̀ǹpútà yẹn. Ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì yìí, Púráímárì Fáìfù lẹ ń kọ́ ní Aládé, ọ̀gá yín sì ní kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ yín lè ṣe kí ọdún tó parí, àti ọ̀nà tí ẹ máa gbà kọ́ wọn, kí ẹ lè kà á fún àwọn òbí lọ́jọ́ ìpàdé. Ó dùn-ún gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ pọ̀, ó sì ń dán. Ṣùgbọ́n mo ń retí kí n gbọ́ ọmọ kan nínú rẹ̀, ọmọ tó nímú tó létí, tó ń fi apá ẹ̀wù nu imú, mi ò sì gbọ́.

Ẹ má bínú o. Ẹ bu omi mu, ẹ jẹ ẹ̀pà tó wà níwájú yín. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fa eruku ṣọ́ọ̀kì símú, mi ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kíláàsì kí n panu mọ́. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ti di dókítà l'Ékòó, àwọn mìíràn ń gun ọ̀kadà ní gáréèjì ìsàlẹ̀ yẹn, tí mo bá sì jáde, wọ́n á máa bá ara wọn jà nítorí ẹni tó máa gbé mi. Ṣùgbọ́n ti àwọn tí mo kọ́ kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ.

Ìdànrè ìgbà náà kò rí báyìí rárá. Lóòótọ́, àwọn òkè wà níbi tí wọ́n wà, ta ni yóò gbé wọn? Ṣùgbọ́n ìró tó ń ti ìsàlẹ̀ wọn jáde ti yí padà. Lónìí, ọ̀kadà ni, jẹnẹrétọ̀ ni, orin ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni láti inú ẹ̀rọ tó ń pariwo ju àwọn akọrin lọ. Nígbà èwe mi, bí àsìkò kòkó bá dé, ìró tí ẹ máa gbọ́ láti oko ni gbà, gbà, gbà, àwọn èèyàn ń fi kùmọ̀ fọ́ kòkó. Gbogbo àdúgbò á máa rùn, òórùn kíkan kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò. Ẹ máa kọ́kọ́ yínmú sí i, tó bá yá ẹ ò ní í mọ̀ pé ó ń rùn mọ́. Àwa ọmọdé á máa lá omi funfun tó wà lára hóró kòkó tútù títí ahọ́n wa yóò fi bó. Ẹ ò mọ adùn yẹn. Ṣokoléètì lẹ mọ̀, ẹ ò mọ ìyá tó bí i.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tó ń jẹ́ Jídé, ọmọ tó mọ ìṣirò bí ẹni tí wọ́n bí i mọ́. Ó lá kòkó lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi ọwọ́ nu ẹ̀wù, ó dé iléèwé. A tò sórí ìlà, à ń gbàdúrà lọ́wọ́, oyin sì dé. Oyin kò mọ àdúrà. Wọ́n lé Jídé, Jídé sá tọ ọ̀gá iléèwé lọ pé kí wọ́n gba òun, ọ̀gá iléèwé fúnra wọn bẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, pàṣán sì bọ́ lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Àwa tó kù dúró gbọn-in lórí ìlà. A ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wa. Ẹ wò mí, mo tún ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ báyìí.

Iléèwé yẹn, ògiri amọ̀ ni, páànù sì ni orùlé rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, tíṣà kan kò lè gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àpáta kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì fẹ̀ dáadáa. Orí àpáta yẹn ni gbogbo àdúgbò ń sá kòkó sí, nítorí oòrùn máa ń mú un gbóná, kòkó sì máa ń tètè gbẹ lórí rẹ̀. Kò sí ààlà níbẹ̀, kò sí àmì, ṣùgbọ́n kálukú mọ ibi tirẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí òjò, kó pariwo, "Kòkó o! Kòkó o!" Ẹni tó bá sì gbọ́, kó sáré bọ́ síta, ì báà jẹ́ pé ó ń jẹun, ì báà jẹ́ pé ọṣẹ wà lójú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé kòkó ta ni. Ẹ mọ̀ pé àwọn òkè wa máa ń fi òjò pamọ́ sẹ́yìn ni. Kí ẹ tó rí i, ó ti dé orí yín, omi á sì gbá gbogbo ohun tó wà lórí àpáta lọ sínú kòtò.

Lónìí, fóònù ló ń sọ fún yín pé òjò ń bọ̀. Kálukú ti ní tapólì tirẹ̀ nínú ọgbà tirẹ̀, géètì sì wà ní títì. Bí òjò bá dé, olóhun nìkan ló ń sáré. Mi ò ní kí ẹ má lo fóònù o. Àárò ariwo kòkó yẹn ló kàn ń sọ mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìyá bàbá mi, torí ọwọ́ wọn ni mo wà. Ìyá Àgbà là ń pè wọ́n. Orí òkè ni wọ́n bí wọn sí, nígbà tí ìlú ṣì wà lókè, kí gbogbo èèyàn tó sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi ti kú, ìyá mi sì ti fẹ́ ọkọ mìíràn l'Ákùúrẹ́, nítorí náà kò ju èmi àti Ìyá Àgbà lọ nílé. Àwọn ló ni oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀. Iléèwé ti di ọ̀fẹ́ nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń béèrè owó lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n bí mo bá wà ní kíláàsì, àwọn nìkan ló máa wà lóko. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń mú ọmọ kúrò níléèwé lásìkò kòkó pé kó lọ ṣe díẹ̀ lábà kó sì padà. Mo mọ àwọn tó lọ dáadáa. Ẹ bi mí léèrè mélòó ló padà.

Èmi sì nìyí, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Ní kíláàsì kẹta, tíṣà kan ní kí n dìde kàwé. Mo kà á pẹ̀lú ẹnu tí Ìyá Àgbà fi ń sọ̀rọ̀ nílé, ẹnu Ìdànrè pọ́ńbélé. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà nà mí. Kò nà mí nítorí pé mo ṣì í kà, ó nà mí nítorí pé mo jẹ́ kí kíláàsì pariwo. Láti ọjọ́ náà ni ohùn mi ti wọlé lọ. Mo ń kọ iṣẹ́ mi, mo ń gbà á, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n dìde sọ̀rọ̀, mo kàn máa ń dúró, mo ń wo ìka ẹsẹ̀ mi. Nílé pàápàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Bí mo ṣe rí nìyẹn nígbà tí mo wọ kíláàsì Tíṣà Akínsọlá.

Atosin ni Tíṣà ti ń wá lórí kẹ̀kẹ́ tí ṣéènì rẹ̀ máa ń ké. A máa ń gbọ́ wọn kí a tó rí wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tín-ín-rín ni wọ́n, aṣọ funfun, ṣòkòtò tí wọ́n fi okùn dì lẹ́sẹ̀ kí epo ṣéènì má baà ta sí i. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a ti ń retí pé wọ́n á ka òfin fún wa bí àwọn yòókù ṣe ń kà á. Wọn ò ka òfin kankan. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwa ọmọ, wọ́n ní, "Mo fẹ́ sọ ohun tí mò ń wá lára yín fún yín, kí ẹ lè mọ̀ bí ẹ bá ti ń ṣe é. Mo fẹ́ kí olúkúlùkù yín lè mú ohun tó mọ̀, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, títí yóò fi yé e, láì bínú sí i. Bí ẹ bá lè ṣe ìyẹn, ẹ ti ṣe Fáìfù." Jídé ní, "Tíṣà, ìṣirò ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ìwọ ló máa kọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. A ó wá wò ó bóyá o mọ̀ ọ́n."

Àfojúsùn kíláàsì wa nìyẹn, Tọ́pẹ́. Ìyá Àgbà tí kò mọ Á yàtọ̀ sí B lè gbọ́ ọ kó sì yé wọn.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ wa kò tíì dé ìlú wa rí. Ọmọ ló máa dúró níwájú, Tíṣà á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kò yé mi." Àwọn tíṣà tó kù ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ tó ń jókòó gbowó oṣù. Wọ́n tún ní kí á máa mú ìbéèrè wá láti ilé. Èyí tí wọn ò bá mọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sí igun pátákó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á rẹ́ títí a ó fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè kan pẹ́ níbẹ̀ gan-an: kí ló dé tí àpáta ṣì ń gbóná lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀? Èmi ni mo ni ín. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo béèrè rẹ̀, Títí ló bá mi béèrè.

Títí ni ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí. Nígbà tí Tíṣà rí i pé mi ò lè sọ̀rọ̀, wọn ò nà mí, wọn ò sì fi mí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Sọ ọ́ fún Títí létí. Títí á sọ ọ́ fún wa." Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn ọmọ ń pe Títí ní ẹnu mi. Lọ́jọ́ Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí kíláàsì wa kọrin tí wọ́n sì ka Bíbélì, èmi gbé iṣu tó tóbi jù lọ lọ síwájú pẹpẹ, Tíṣà sì ṣẹ́jú sí mi láti orí ìjókòó wọn. Ẹ ò lè mọ bí ojú tí wọ́n ṣẹ́ sí mi yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó. Mo ti kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ń wá bí mo ṣe lè ṣẹ́jú sí ọmọ báyẹn.

Ó wá di àárín àsìkò kòkó. Ìyá Àgbà ti sá kòkó sórí àpáta, ó kù díẹ̀ kó gbẹ tán, wọ́n sì ti lọ sóko láti àárọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, Bàbá Lúkù, aládùúgbò wa, kò tíì pẹ́ tí wọ́n da tiwọn sílẹ̀, ara rẹ̀ ti jọ èyí tó gbẹ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì tutù. Tíṣà ń fi ọsàn kọ́ wa ní ìpín, wọ́n ń gé ọsàn lọ́wọ́, nígbà tí ariwo ta níta: "Kòkó o! Kòkó o!" Kí á tó yíjú, Tíṣà ti fo bẹ́ǹṣì, ọ̀bẹ lọ́wọ́ kan, ọsàn lọ́wọ́ kejì. Gbogbo wa tú jáde. Òjò ti ń kán. A gbá, a kó, a rọ́ ọ sínú àpò, a fà á wọ inú kíláàsì. Kò sí hóró kan tí omi gbé lọ. Inú wa dùn, à ń gbọn omi sí ara wa lára, Tíṣà sì pín ọsàn náà fún wa jẹ.

Ṣùgbọ́n a ti da kòkó Ìyá Àgbà àti ti Bàbá Lúkù pọ̀ sínú àwọn àpò kan náà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kòkó tútù tó bá wọ àárín èyí tó gbẹ, gbogbo rẹ̀ ló máa bu. Àwọn tó ń yẹ kòkó wò á ti àpò náà sẹ́yìn, iṣẹ́ ọdún kan sì lọ nìyẹn. Àwọn ọmọ tó kó o kò mọ̀, àgbà ló ń yẹ kòkó wò nílé wọn, ẹnikẹ́ni kì í sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú òjò. Èmi mọ̀. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń dà á pọ̀. Mo la ẹnu lórí àpáta yẹn kí n kígbe pé ẹ dúró, ti Bàbá Lúkù ṣì tutù. Ẹnu là, kò sí ohun tó jáde. Títí sì wà lódìkejì, kò rí mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà ti oko dé, wọ́n ti ọwọ́ bọ inú àpò kan tí a ti gbé wálé, wọ́n fún hóró inú rẹ̀ lọ́wọ́. Wọn ò wo inú rẹ̀, etí ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ta ló kó o?"

"Kíláàsì wa ni. Òjò dé."

"Mo mọ̀ pé òjò dé. Ìwọ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"O rí i pé wọ́n ń dà á pọ̀?"

"Mo rí i."

"Kí lo wí fún wọn?"

Mo bojú wolẹ̀. "Ohùn mi ò jáde, Ìyá Àgbà."

Wọn ò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ẹ̀rù ì bá má bà mí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wò mí. "Kí o tó wọ ulé ùwé," ni wọ́n wí, torí bí àwa ṣe ń pe ilé ìwé nìyẹn kí ẹ̀yin tó gbàgbé, "o máa ń sọ̀rọ̀ títí màá fi bẹ̀ ọ́ kí o jẹ́ kí n sùn. Ọma mi mọ kòkó látìgbà tó ti ń rá. Wọ́n wá gba ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé uṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn? Ó tó gẹ́ẹ́. Di ẹrù rẹ. Lọ́tùúnla, abà là ń lọ."

Mo mọ ohun tí abà túmọ̀ sí. Kò sí Fáìfù mọ́, kò sí Títí, kò sí igun pátákó. Ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹun, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè bá Ìyá Àgbà jiyàn, nítorí ohun tí wọ́n sọ, òótọ́ wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Títí wá pè mí kí á jọ máa lọ. Ó rí mi tí mò ń di ẹrù. Ìyá Àgbà sọ fún un pé kíláàsì ti da kòkó tútù mọ́ gbígbẹ, abà là ń lọ lọ́la, ó sì sáré lọ bá Tíṣà. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ ṣéènì kẹ̀kẹ́. Mo gbójú sókè, kíláàsì wa lódindi ló ń bọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn kan ru ẹní, àwọn kan gbé apẹ̀rẹ̀, Jídé àti ọmọkùnrin mìíràn sì ń fa àpò kòkó tó kù níléèwé. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Àgbà lórí ilẹ̀ tí òjò àná rẹ, pẹ̀lú aṣọ funfun wọn yẹn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Kíláàsì mi ló da kòkó yín rú. Kíláàsì mi ló máa ṣà á."

"Dìde, ọmọ olọ́mọ," ni Ìyá Àgbà wí. "Ta ló máa fi bí wọ́n ṣe ń ṣà á hàn yín? Èmi ò ráyè, mò ń múra àtilọ sí abà."

"Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà ní kíláàsì wa."

Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n da kòkó sílẹ̀, Tíṣà sì jókòó sáàárín àwọn ọmọ. Gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń wò mí. Títí ti la ẹnu láti gbà mí sílẹ̀. Tíṣà fi ìka kan ètè, Títí sì panu dé. Ní ẹnu ọ̀nà, Ìyá Àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa èkùrọ́, kò, kò, kò, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wọ́n.

  Mo kúnlẹ̀ síwájú Jídé, mo kó kòkó gbígbẹ sí i lọ́wọ́, mo pa ọwọ́ rẹ̀ dé, mo fún un. Lẹ́yìn náà mo kó tútù sí i, mo tún fún un. Jídé di ojú. Ó ní, "Kí ni kí n máa gbọ́?"

Kò sẹ́lòmíì tó lè dáhùn. Mo ní, "Ó ń ké."

"Èwo ló ń ké?"

"Èyí tó gbẹ. Gbé e súnmọ́ etí. Tó bá gbẹ, ó máa ké kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Tó bá tutù, kò ní í wí nǹkan kan."

Ohùn mi dún létí ara mi bí ohùn ẹlòmíì. Ẹnu Ìdànrè pọ́ńbélé ni mo fi sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ń di ojú, wọ́n ń fún kòkó, wọ́n ń gbé e sétí. Ọmọ kan ní kò yé òun, mo lọ bá a. Mo fi eyín bu ọ̀kan sí méjì, mo fi inú rẹ̀ hàn wọ́n, mo ní kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, mo ní kí wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀. Jídé, ẹni tó mọ ìṣirò, ń da tútù mọ́ gbígbẹ ṣáá, mo dì í lọ́wọ́ mú lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, inú ò bí mi. Tíṣà nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, tèmi yìí ńkọ́?" Mo gbà á wò. Mo ní, "Tíṣà, ó tutù. Ẹ̀yin náà ẹ di ojú." Ẹ̀rín sọ káàkiri àgbàlá. Ẹ̀rín tó dùn ni, èmi náà sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá Lúkù dé, wọ́n ń ké pé iléèwé ti ba kòkó àwọn jẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fẹ́ fi bí a ṣe ń ṣà á hàn wá. Mo wo èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tiyín ò pẹ́ tó lábẹ́ ewé." Bàbá Lúkù wò mí lókè, wọ́n wò mí nílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìgbà wo lèyí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀?" Ìgbà náà ni mo kíyè sí i pé ìró èkùrọ́ ti dákẹ́ ní ẹnu ọ̀nà. Mi ò mọ ìgbà tó ti dákẹ́. Ìyá Àgbà mú òkúta dání lọ́wọ́, wọn ò pa nǹkan kan.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí á tó parí. Tíṣà kò bẹ Ìyá Àgbà nítorí mi. Mo dúró, mo ń retí kí wọ́n bẹ̀ wọ́n, inú ń bí mi pé wọn ò bẹ̀. Wọ́n kàn gbọn eruku kòkó kúrò lára ṣòkòtò, wọ́n ní, "Ìyá, ohun tí mo sọ fún àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé mo fẹ́ kí wọ́n lè ṣe, ohun tí ọmọ yín ṣe lónìí ni. Òun ló kọ́kọ́ ṣe é." Wọ́n kó kíláàsì wọn, wọ́n lọ.

 Èmi àti Ìyá Àgbà jẹ iṣu, a kó kòkó wọlé, wọ́n sì padà sídìí ẹrù abà tí wọ́n ń dì. Ní ìdájí, wọ́n jí mi, wọ́n gbé ẹrù kan lé mi lórí, wọ́n gbé tiwọn, a bọ́ sọ́nà abà. Mò ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mo ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé ó ti parí.

Nígbà tí a dé oríta tí ọ̀nà oko ti yà kúrò lára ti iléèwé, àwọn èèyàn ti ń kọjá lọ sóko. Ìyá Àgbà dúró. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n nawọ́, wọ́n sọ ẹrù orí mi kalẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ tún un dì. Wọ́n gbé e, wọ́n kà á lé tiwọn lórí, wọ́n fi ọwọ́ dì í mú.

"Bí o bá dé ní ìrọ̀lẹ́," ni wọ́n wí, "gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ, wá jókòó kí o kọ́ mi. Màá padà délé lójoojúmọ́, mi ò ní í sùn lábà. Ohun tí ò bá yé mi, màá bi ọ́. O ò sì gbọdọ̀ bínú sí mi, ọma mi."

Wọ́n kọjú sí ọ̀nà oko, wọ́n ń lọ. Mo dúró gbagidi. Ẹrù méjèèjì ń mì lórí wọn, ọrùn wọn sì tín-ín-rín lábẹ́ rẹ̀. Mo la ẹnu, mo kígbe, "Ìyá Àgbà! Ẹ ṣeun o!" Ó jáde ketekete. Gbogbo àwọn tó ń lọ sóko dúró, wọ́n yíjú wò mí. Ìyá Àgbà nìkan ni kò yíjú. Ọwọ́ kan wà lókè tí wọ́n fi di ẹrù mú, wọ́n sì ń fi èkejì nu ojú.